Ẹ̀yin Lẹ Béèrè: Eṣinṣin Tó Ń Gbé Inú Ewé

Lẹ́tà tó wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àfi bíi pé ẹ jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ìlà funfun lójú ewé ni gbogbo yín ń sọ, ìlà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, tí ẹ bá fọwọ́ nù ún kì í kúrò, tí ẹ bá fomi fọ̀ ọ́ kì í kúrò. Ẹnì kan ní ìgbín ló rìn kọjá níbẹ̀, ẹnì kan ní oòrùn ló bó ewé òun. Mo bá ní kí n kó ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ tí mo ṣèlérí sẹ́yìn ná, ká fi ojú ìwé yìí parí ọ̀rọ̀ ìlà funfun, torí eṣinṣin ló wà nídìí ẹ̀, eṣinṣin tó kéré débi pé ẹ ti rí i àìmọye ìgbà tí ẹ ò kà á sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀wà tí mo gbìn ń dàgbà dáadáa, àfi bí mo ṣe rí i lójijì pé ìlà funfun ti gba ojú àwọn ewé ìsàlẹ̀. Mo yí ewé sẹ́yìn, mi ò rí kòkòrò kankan. Àbúrò mi ní àrùn ni, ó ní kí n fà gbogbo ẹ̀ tu kó má baà ran àwọn tó kù. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má fa nǹkankan tu o, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe àrùn. Ẹ ò rí kòkòrò lẹ́yìn ewé torí kò sí lẹ́yìn ewé, kò sì sí lójú ewé, inú ewé gan-an ló wà. Ewé tó fẹ́lẹ́ lójú wa yìí, bí ìrọ̀rí ló ṣe rí, awọ wà lókè, awọ wà nísàlẹ̀, ara tútù wà láàárín wọn. Ìdin kékeré kan, ọmọ eṣinṣin, ló wà láàárín yẹn tó ń jẹ ara tútù lọ, kò fọwọ́ kan awọ méjèèjì. Ibi tó bá ti jẹ kọjá á ṣófo, afẹ́fẹ́ á kún ibẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń funfun lójú yín.

Tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ já ewé kan tí ìlà ẹ̀ ṣì tuntun, ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú ẹ̀ kọjá, kí ẹ wá wo ìdí ìlà náà níbi tó ti fẹ̀ jù. Nǹkan yẹ́lò kékeré kan á máa mi orí sọ́tùn-ún sósì níbẹ̀. Òun ni. Kò lẹ́sẹ̀, kò ní orí gidi, ìkọ́ dúdú tíntìntín ló wà lẹ́nu ẹ̀ tó fi ń họ ara ewé, ó sì máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ara lélẹ̀ ni kó tó lè ráyè jẹun ní ibi tó há bẹ́ẹ̀. Ìlà dúdú tín-ín-rín tí ẹ máa rí nínú ìlà funfun yẹn, ìgbẹ́ ẹ̀ ni, ó ń tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tún tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ kíyè sí i pé ìlà náà tín-ín-rín níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, torí ìdin tó ń là á ń tóbi ni.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pe eṣinṣin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí ni Liriomyza trifolii. Òun àti ìbátan ẹ̀ Liriomyza sativae ni wọ́n sábà máa ń bá lára ẹ̀wà, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, mo máa dé ibẹ̀ tó bá yá. Inú ìdílé Agromyzidae ni àwọn méjèèjì wà, ìdílé yẹn ní nǹkan bíi ẹ̀yà 3,000 káàkiri ayé, inú ewéko ni ọmọ gbogbo wọn sì ti ń dàgbà, àwọn kan nínú ewé, àwọn kan nínú igi ewéko, àwọn kan nínú èso.

Eṣinṣin náà fúnra ẹ̀ ò ju mìlímítà 2 lọ. Yẹ́lò lorí ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú bíi eérú tó ṣú, yẹ́lò tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara àti nísàlẹ̀ ikùn. Ìyá eṣinṣin ní ohun mímú kan nídìí tó fi ń gún ewé, ó ń gún un lọ gún un bọ̀, tí oje bá yọ á yí padà á lá a. Akọ ò ní ohun ìgúnwé yẹn, oje tí ìyàwó ti gún jáde lòun náà ń lá (ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn). Nínú gbogbo ojú ihò tó bá gún, nǹkan bíi 15 nínú 100 péré ló máa ń yé ẹyin sí, àwọn tó kù, oúnjẹ ló wá. Àmì tóótòòtó funfun tó wà lójú ewé yín yàtọ̀ sí ìlà, ojú ihò yẹn ni, tí ẹ bá rí i kí ìlà tó jáde, ẹ ti tètè mọ̀ nìyẹn.

Ẹyin yẹn ò pé mìlímítà kan rárá, abẹ́ awọ ewé ló wà. Láàárín ọjọ́ 2 sí 5 ó ti pa. Ìdin á jẹun fún nǹkan bíi ọjọ́ 4 sí 7 tí ooru bá tó, á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ewé, tó bá yó tán á la awọ ewé bí oṣù tuntun, á bọ́ sílẹ̀, á wọ inú iyẹ̀pẹ̀ tàbí kó dúró sí abẹ́ ewé tó ti já sílẹ̀. Níbẹ̀ ni awọ ara ẹ̀ á ti gan, á dà bíi kóro èso, kò jẹun mọ́, kò rìn mọ́, ó ń para dà. Ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn náà, eṣinṣin tuntun jáde, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kó di ọ̀sán kí wọ́n tó yọ, láàárín wákàtí 24 wọ́n ti gun ara wọn, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ kì í sábà ju bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, tí ooru bá mú dáadáa kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà tó ti ní ewé púpọ̀ ò ní kú nítorí ìlà díẹ̀ lójú ewé ìsàlẹ̀, torí àwọn ewé òkè ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Ọmọ ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ewé méjì ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí, tí wọ́n bá gún méjèèjì kò ní ibì kan tó máa fi mí. Nítorí náà ẹ fi ẹ̀wà yín sílẹ̀, kí ẹ wá máa wo èyí tí ẹ bá tún fẹ́ gbìn láàárọ̀ láàárọ̀ títí tó fi máa lágbára.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fọ́n oògùn apakòkòrò sí tòmátì mi, mo tún fọ́n, mo tún pààrọ̀ sí òmíràn tó lágbára, ìlà yẹn ń pọ̀ sí i ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi kún ìwọ̀n oògùn. Ẹ gbà mí o. – Bàbá Ṣọlá

ÌDÁHÙN: Bàbá Ṣọlá, ẹ má fi kún un. Oògùn tí ẹ ń fọ́n yẹn gan-an ló ṣeé ṣe kó jẹ́ kí ìlà pọ̀, mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́ lẹ́yìn owó tí ẹ ti ná, àmọ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ojú awọ ewé ni ọ̀pọ̀ oògùn máa ń dúró sí, ìdin sì wà lábẹ́ awọ. Àwọn tó ti di kóro nínú iyẹ̀pẹ̀, oògùn ò dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú. Eṣinṣin àgbà tó ń fò kiri nìkan ló ń kú, lọ́jọ́ kẹta àwọn tuntun ti yọ láti inú ilẹ̀. Èkejì, eṣinṣin yìí máa ń tètè mọ́ oògùn lára, ní Florida tí wọ́n ti ń bá a jà látọjọ́ pípẹ́, oògùn tuntun á ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, tó bá yá kò ran nǹkan mọ́, wọ́n á tún wá òmíì. Bí ìran méjìlá bá ń tẹ̀lé ara wọn láàárín ọdún kan, àwọn tí oògùn ò pa nìkan ló ń bímọ, ẹ rò ó wò.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ìdin inú ewé yìí ní ọ̀tá, ọ̀tá ẹ̀ sì ni àwọn agbọ́n kéékèèké kan tó kéré ju òun gan-an lọ, kì í ta èèyàn, ẹ ò tiẹ̀ lè rí i tí ẹ ò bá tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Diglyphus isaea. Ó máa ń rìn lórí ewé, á wá ìdin kàn láti òkè, á ki ìdí mímú ẹ̀ gba awọ ewé kọjá, á ta ìdin yẹn, ìdin á rọ, kò lè jẹun mọ́, kò lè sá. Agbọ́n á wá yé ẹyin ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọmọ agbọ́n tó bá pa níbẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀ dè é. Tó bá jẹ ìdin tán, á fi ìgbẹ́ ara ẹ̀ mọ òpó kéékèèké sínú ìlà yẹn, òpó tó gbé òrùlé dúró kí awọ ewé má baà wó lé e lórí nígbà tó ń para dà! Ẹ gbé ewé yín wo ìmọ́lẹ̀, tí ẹ bá rí tóótòòtó dúdú tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan kékeré aláwọ̀ ewé, agbọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Ìkejì ẹ̀ ni Dacnusa sibirica, òun ń yé ẹyin sínú ara ìdin gangan, ìdin ò ní tètè kú, á jẹun tán, á bọ́ sílẹ̀, á di kóro, àmọ́ agbọ́n ló máa jáde níbẹ̀ dípò eṣinṣin. Ní Yúróòpù, wọ́n ń sin àwọn agbọ́n méjèèjì yìí tà fún àwọn tó ń gbin tòmátì àti òdòdó nínú ilé gíláàsì.

Báyìí, tí ẹ bá fọ́n oògùn tó ń pa ohun gbogbo, ta ló kọ́kọ́ ń kú? Agbọ́n ni, torí orí ewé ló wà, ìdin sì wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ pa ọlọ́pàá, ẹ fi olè sílẹ̀. Bí kòkòrò tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ṣe di wàhálà ní ọ̀pọ̀ ibi nìyẹn, kì í ṣe pé ó wá láti ọ̀run lójijì. Àní ní California, Liriomyza sativae ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, trifolii wá dé, ó gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì rí ni pé trifolii fara da oògùn tí wọ́n ń fọ́n níbẹ̀ ju sativae lọ.

Kí ẹ wá ṣe báyìí: ẹ dáwọ́ oògùn yẹn dúró pátápátá. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ tó ti kún fún ìlà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ agbọ́n wà nínú ẹ̀, tó bá wà ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé páálí yẹ́lò tó ní gọ́ọ̀mù sáàárín tòmátì, àwọ̀ yẹ́lò máa ń pe eṣinṣin yìí gan-an, kì í ṣe pé ó máa kó gbogbo wọn tán o, ẹ̀yin lẹ máa fi mọ̀ bóyá wọ́n ń pọ̀ àbí wọ́n ń dín. Tó bá wá di dandan kí ẹ lo oògùn, abamectin, spinosad àti cyromazine wà lára àwọn tó ń wọ inú ewé lọ bá ìdin, cyromazine kì í jẹ́ kí ìdin rí awọ bọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó kórè wà níbẹ̀, ẹ má sì lo ọ̀kan ṣoṣo léraléra. Aburú tí wọ́n ń ṣe fún agbọ́n sábà máa ń kéré sí ti àwọn àtijọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe omi.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èèyàn lè jẹ ewé tó ní ìlà yẹn? – Adérónkẹ́

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ ewé tí à ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni, ẹ lè jẹ ẹ́. Ìlà yẹn ò ní májèlé kankan, ìdin yẹn kì í sì í gbé nínú èèyàn. Ṣùgbọ́n fífọ̀ ò lè yọ ọ́ torí inú ewé ló wà, nítorí náà tí ẹ kò bá fẹ́ jẹ ìdin pẹ̀lú ewé, ẹ gé ibi tí ìlà wà dànù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kúkúńbà mi ló kọ́kọ́ mú. Mo hú kúkúńbà, ó bọ́ sára òdòdó. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọgbà, abẹ́rẹ́ olóko tó hù fúnra ẹ̀ náà ti gbà ìlà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní ewéko tiẹ̀, èyí ò ṣe wá yàn? Ewéko wo gan-an ló ń jẹ, èwo ni kì í jẹ, kí n lè gbin èyí tí kì í jẹ. – Ọlọ́gbà tó ti rẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọlọ́gbà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbéèrè tó wù mí jù lóṣù yìí nìyí, ẹ jẹ́ n jókòó tì í.

Ohun tí wọ́n kọ́ yín ò burú. Nínú ìdílé Agromyzidae, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ewéko kan tàbí àwọn ewéko tó jẹ́ ìbátan ara wọn nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹ wo Phytomyza ilicis, igi holly ti Yúróòpù nìkan ló mọ̀, Ilex aquifolium. Ìyá á yé ẹyin sínú iṣan àárín ewé tuntun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìdin á wà nínú ewé kan ṣoṣo yẹn la ìgbà òtútù kọjá, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, torí igi holly kì í wọ́wé. Gbé e lọ sórí tòmátì, ebi ló máa pa á. Phytomyza gymnostoma náà wà, àlùbọ́sà àti àwọn ìbátan ẹ̀ lòun ń jẹ, Yúróòpù ló wà látijọ́, lópin ọdún 2015 wọ́n rí i ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà yẹn ni ọkàn àwọn tó ń gbin àlùbọ́sà níbẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí Ophiomyia phaseoli, ti ẹ̀wà nìyẹn, ìyẹn tiẹ̀ burú ju èyí tí à ń sọ lọ, torí ìdin ẹ̀ kì í dúró sínú ewé, á gba iṣan ewé sọ̀kalẹ̀ wá sí ìdí igi ẹ̀wà, ìdí á wú, á là, ọmọ ẹ̀wà á kú.

Trifolii ló ya tiẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n ti bá a nínú ewéko tó wá láti ìdílé tó lé ní 20. Ìdílé Asteraceae ló fẹ́ràn jù, ibẹ̀ ni òdòdó chrysanthemum àti gerbera, létúùsì, sọ́ńfiláwà wà, ibẹ̀ náà sì ni abẹ́rẹ́ olóko yín wà, ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń jẹ ìdílé ẹ̀wà, ìdílé tòmátì pẹ̀lú ata, ìgbá àti pòtétò, ìdílé kúkúńbà pẹ̀lú bàrà àti elégédé, ó ń jẹ ilá, ó ń jẹ òwú, ó ń jẹ àlùbọ́sà, ó ń jẹ sẹ́lẹ́rì. Tí ẹ bá ní kí n to ohun tí kì í jẹ fún yín kí ẹ fi gbin ọgbà, ọgbà yẹn ò ní wù yín.

Àmọ́ pé ó ń jẹ gbogbo ẹ̀ ò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ dọ́gba lẹ́nu ẹ̀. Ìyá ló ń yàn. Ìdin ò lè kúrò nínú ewé kan lọ sí òmíràn, ewé tí ìyá ẹ̀ bá fi í sí, ibẹ̀ ló máa yè tàbí kú sí. Nítorí náà ìyá máa ń tọ́ ewé wò kó tó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ihò yẹn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, yàtọ̀ sí pé ó fi ń jẹun, ó fi ń mọ ewé ni. Ewé tó nírun púpọ̀, tàbí tí oje ẹ̀ ò bá a lára mu, á gún un díẹ̀ á fò lọ. Ẹ lè rí ewéko tí àmì tóótòòtó kún ojú ẹ̀ tí kò sì sí ìlà kan, ó tọ́ ọ wò, kò gbà á ni. Ohun tó tún jọ mí lójú ni pé ní California wọ́n rí àwọn trifolii kan tó jẹ́ ata ni tiwọn, nígbà tí wọ́n yẹ DNA wọn wò, wọ́n yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Ìyẹn ni pé kòkòrò tí à ń pè ní ajẹ-gbogbo-ẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń yàn wà nínú ẹ̀ tí à ń kó pọ̀ mọ́ra wọn.

Jíjẹ tó ń jẹ oríṣiríṣi yìí náà ló jẹ́ kó rin ayé já. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1976, ó dé Kenya láti Florida, inú ọmọ igi chrysanthemum tí wọ́n gé fún gbígbìn ló bá wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Láti ọ̀dọ̀ àwọn olódòdó báyìí ló ṣe tàn dé ibi púpọ̀. Ẹ gbà pé ẹ̀yin ni òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹrù wò, kí lẹ máa rí? Ewé tútù minijọ̀, kò ní ìlà kan, torí ẹyin ṣì wà lábẹ́ awọ. Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú kí wọ́n fi òtútù pa á, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an: ní 0°C, ìdin kì í pé ọ̀sẹ̀ 2 tó fi ń kú, àmọ́ ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé lè fara dà á tó ọ̀sẹ̀ 3. Tí ẹyin yẹn bá ti lo ọjọ́ kan àbọ̀ sí méjì nínú ooru tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré lòtútù fi ń pa á. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi fíríìjì pa á, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ewé jókòó síta fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyin lè dàgbà, kó tó wá gbé e wọ òtútù.

Fún ọgbà tiyín, abẹ́rẹ́ olóko yẹn lẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Ẹ hú u kúrò kí ẹ tó gbin nǹkan tuntun, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti gbìn ín tán, torí tí ẹ bá hú u nígbà tí ọmọ kúkúńbà ti wà nílẹ̀, kúkúńbà ni gbogbo eṣinṣin tó wà lórí ẹ̀ máa kó lọ bá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣófo fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yọ tán láìrí ewé. Òdòdó tí ẹ bá rà tuntun, ẹ gbé e sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná, ẹ máa wo ojú ewé ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ewé ọsàn mi náà ní ìlà o, tiẹ̀ ń dán bíi sílífà, ewé sì ká jọ. Ṣé eṣinṣin yìí náà ni? – Àbúrò Ọlọ́sàn

ÌDÁHÙN: Rárá. Labalábá òru kékeré kan ni, Phyllocnistis citrella. Ẹ wo ìgbẹ́ inú ìlà, tiẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo láàárín, ti eṣinṣin wa sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ewé ọ̀dọ́ nìkan ló ń jẹ, ọsàn tó ti dàgbà ò ní kú sí i. Tó bá jẹ́ orí tòmátì lẹ ti rí ibi fífẹ̀ tó rọ bíi pé iná jó o, tí ìdin inú ẹ̀ ní orí dúdú àti ẹsẹ̀, ìyẹn Tuta absoluta, labalábá òru lòun náà, òun máa ń jáde nínú ewé kan wọ òmíràn, ó sì ń wọ inú èso. Ìyẹn ò ṣeé fi ṣeré, ẹ má dúró de lẹ́tà mi kí ẹ tó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, wọ́n ní ká mú ẹ̀yà kòkòrò inú ewé kan wá ká sì sọ orúkọ ẹ̀. Mo ya fọ́tò ìlà náà dáadáa. Ṣé fọ́tò tó? – Túnjí

ÌDÁHÙN: Túnjí, fọ́tò ìlà nìkan ò tó fún ẹ̀yà tó ń jẹ ewéko púpọ̀. Tó bá jẹ́ ewé holly ni ò bá ti tó, torí ewéko yẹn gan-an ti sọ ìdajì orúkọ ẹ̀ fún ẹ. Fún Liriomyza, ó ní nǹkan díẹ̀ tí wàá fi ya wọ́n. Liriomyza huidobrensis máa ń tẹ̀ lé iṣan ewé, ó sì ń jẹ apá ìsàlẹ̀ ewé, ibi tí kò gbóná jù ló fẹ́ràn. Trifolii àti sativae, apá òkè ni wọ́n ń jẹ, ìlà ti trifolii sì sábà máa ń ká pọ̀ sójú kan. Eṣinṣin àgbà, wo ẹ̀yìn ẹ̀: ti sativae ń dán, ti trifolii ṣú bíi eérú, ibi ẹ̀yìn ojú níbi tí irun orí wà, ti trifolii yẹ́lò, ti sativae dúdú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi dá ara ẹ̀ lójú, nǹkan ọkùnrin akọ lábẹ́ maikirosikópù ló máa wò, tàbí DNA. Ó tiẹ̀ nídìí: èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní huidobrensis ní California fún ìgbà pípẹ́, DNA ló fi hàn pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, Liriomyza langei lorúkọ ẹ̀.

Bí o ṣe máa rí akọ rèé. Já ewé tí ìdin wà nínú ẹ̀ láàyè, kì í ṣe èyí tí ìlà ẹ̀ ti gbẹ, ìyẹn ti jáde lọ. Fi tíṣù tó tutù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, gbé ewé lé e, fi aṣọ tó ń gba afẹ́fẹ́ bo ẹnu ìgò, má fi ọmọrí dí i o, omi á gbá jọ, ewé á jẹrà, ìdin á kú. Ewéko oríṣi kan ni kó wà nínú ìgò kan, kí o sì kọ orúkọ ewéko yẹn, ibi tí o ti já a àti ọjọ́ tí o já a sára ẹ̀, torí tí ìwọ̀nyẹn bá ti sọnù, eṣinṣin tó jáde ò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ. Ìdin á jáde fúnra ẹ̀ sórí tíṣù, á di kóro aláwọ̀ yẹ́lò tàbí búráùn, fi bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbé wọn sínú ìgò kékeré. Má jù wọ́n nù tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkankan ò jáde, agbọ́n ni nígbà míì, agbọ́n sì máa ń pẹ́ ju eṣinṣin lọ kó tó yọ. Tó bá jẹ́ agbọ́n ló yọ, mú un lọ fún olùkọ́ ẹ pẹ̀lú, máàkì wà lára ìyẹn náà.

ÌBÉÈRÈ: Tí mo bá já ewé tó ní ìlà, ṣé kí n jù ú sí ibi ajílẹ̀ mi? – Màmá Tọ́pẹ́

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má jù ú síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ajílẹ̀ ò bá gbóná, ìdin á jáde nínú ewé sínú ẹ̀, á para dà, á yọ. Ẹ kó ewé sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa, ẹ gbé e sínú oòrùn títí ewé á fi bàjẹ́ pátápátá, lẹ́yìn náà ẹ lè dà á sórí ajílẹ̀.